Máàpù Inú Fóònù ní Ìlú Tó Ń Yára Dàgbà: Ìpéye, Ìlò àti Ìpamọ́ Àṣírí ní Mowe, Ibafo àti Ifo

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lórí àwọn áàpù máàpù orí fóònù, ìyẹn àwọn ètò tó ń fi ibi tí ènìyàn wà hàn án, tó ń júwe ọ̀nà fún un, tó sì ń sọ iye àkókò tí ìrìn rẹ̀ yóò gbà. Ìbéèrè mẹ́ta ni àwọn tó ń lò wọ́n sábà máa ń béèrè: èwo ló mọ ọ̀nà jù, èwo ni iṣẹ́ tó lè ṣe pọ̀ jù, èwo ni kì í sì í tú àṣírí ẹni tó mú un lọ́wọ́? Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ọ̀kan kò kan èkejì. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé wọn kò ṣeé yà nípa, nítorí pé ìrìn àwọn ènìyàn gan-an ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń mú kí máàpù wọn péye, àti pé ará Mowe, Ibafo àti Ifo ń fi ìrìn tirẹ̀ sílẹ̀ fún wọn gẹ́gẹ́ bí ará Lọ́ńdọ̀nù ṣe ń ṣe, síbẹ̀ ohun tó ń rí gbà padà kò tó ti ará Lọ́ńdọ̀nù.

Ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ló yẹ kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ibafo àti Mowe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ìpínlẹ̀ Ògùn. Abúlé ni wọ́n nígbà tí òpópónà náà di lílò ní 1978, ṣùgbọ́n bí owó ilé ṣe ń wọ́n sí i ní Èkó, tí àgọ́ ìjọ Rìdíìmù sì ń gbòòrò sí i nítòsí Mowe, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń ya wá síbẹ̀, tí oko di pílọ́ọ̀tì, tí pílọ́ọ̀tì di ẹ̀sítéètì, tí àwọn àdúgbò bíi Pakuro, Orimerunmu, Loburo àti Magboro sì kún fọ́fọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú nípa nọ́ńbà ilé. Ifo kò rí bẹ́ẹ̀. Olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀ ni, ó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896, tó sì dé Ìbàdàn ní 1901, gba ibẹ̀ kọjá, níbẹ̀ náà sì ni ẹ̀ka ojú irin tó lọ sí Ìlaròó ti yà. Láti 2021 ni ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ibùdókọ̀ kan ní Kájọlà, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ifo kan náà. Nítorí náà, ìlú àtijọ́ tí ọ̀nà rẹ̀ ti lórúkọ látọjọ́ pípẹ́ àti ìlú tuntun tí ọ̀nà rẹ̀ ń yọ lọ́dọọdún ni máàpù ní láti mọ̀ pọ̀.

Ohun kan tún wà láàárín àwọn ìlú wọ̀nyí tó ń dán ọgbọ́n áàpù wò. Bí a bá fa ìlà tààrà láti Ifo dé Mowe, nǹkan bíi kìlómítà 25 ni, ẹni tó bá sì wo máàpù lásán yóò rò pé ìrìn wákàtí kan kò ní sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Odò Ògùn ń ṣàn láti ìhà Abẹ́òkúta sọ̀kalẹ̀ sí Ìṣẹrí, ó sì pín ilẹ̀ náà sí méjì, tí Ifo wà ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, tí Mowe àti Ibafo sì wà ní ìlà oòrùn. Áàpù tó bá máa ṣírò ọ̀nà láàárín wọn gbọ́dọ̀ mọ ibi tí afárá wà, kí ó mọ̀ bóyá ọkọ̀ lè gba orí rẹ̀, kí ó sì mọ ọ̀nà abúlé tó jẹ́ ọ̀dà yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ erùpẹ̀ tí òjò oṣù kẹfà máa ń sọ di ẹrẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, á rán awakọ̀ lọ sí ibi tí ọ̀nà ti dópin, tàbí kó dá a padà sí Èkó kí ó lọ yí gba Berger.

Báwo ni fóònù ṣe ń mọ ibi tí ó wà? Àwọn sátẹ́láìtì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí ayé ká ní òfuurufú, ló ń rán àmì wá sí ilẹ̀. Èyí tí a mọ̀ jù ni GPS, tí ìjọba Amẹ́ríkà ní, tí sátẹ́láìtì rẹ̀ lé ní 24, tí wọ́n sì wà ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200 sókè. Rọ́ṣíà, Ṣáínà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù náà ní tiwọn, ọ̀pọ̀ fóònù òde òní sì ń gba àmì lára wọn pọ̀. Fóònù nílò àmì láti ara mẹ́rin ó kéré tán kí ó tó lè ṣírò ibi tí ó wà. Títí di oṣù karùn-ún ọdún 2000 ni Amẹ́ríkà ń mọ̀ọ́mọ̀ mú kí àmì tí aráàlú ń gbà má péye tó, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ní gbangba tí igi tàbí ilé gíga kò bo ojú ọ̀run, fóònù lásán lè mọ ibi tí ó wà pẹ̀lú àṣìṣe tí kò ju nǹkan bíi mítà márùn-ún lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé gbígba àmì yìí kò ná dátà kankan, nítorí pé fóònù kàn ń gbọ́ ni, kò fèsì. Àwòrán máàpù tí wọ́n ń gbé wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì àti ìròyìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló ń jẹ dátà.

Ní ti mímọ ibi tí ènìyàn dúró sí, gbogbo áàpù dọ́gba, nítorí pé fóònù kan náà ló ń ṣírò fún wọn. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú máàpù tí wọ́n fi ń tẹ́ abẹ́ àmì náà. Google Maps, tó jáde ní 2005, ń kó tirẹ̀ jọ láti inú àwòrán sátẹ́láìtì, àkọsílẹ̀ ìjọba níbi tí ó bá wà, àti ọwọ́ aráàlú. Láti 2008 títí di 2017 ni ètò kan tó ń jẹ́ Map Maker fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè ya ọ̀nà àdúgbò rẹ̀ sórí máàpù Google, àwọn ọmọ Nàìjíríà náà sì kópa nínú rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Iṣẹ́ náà dára, ó wúlò títí dòní, ṣùgbọ́n Google nìkan ló ni ín, ẹni tó ya òpópónà bàbá rẹ̀ kò lè gbé e lọ síbòmíràn.

Apple Maps jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, àṣìṣe inú rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà, Tim Cook, tọrọ àforíjì ní gbangba lóṣù kan náà, ó tún gba àwọn oníbàárà nímọ̀ràn pé kí wọ́n lo máàpù àwọn ẹlòmíràn fún ìgbà díẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà kìlọ̀ fún awakọ̀ nítorí pé ó ń rán àwọn tó ń lọ sí ìlú Mildura wọ inú aginjù tí kò sí omi. Ó ti sunwọ̀n gan-an láti ìgbà náà, àmọ́ orí ẹ̀rọ Apple ni ilé rẹ̀ wà, Tecno, Infinix àti itel tó kún ọwọ́ aráàlú ní Mowe àti Ifo kò sì ní in.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kankan. Ní 2004 ni Steve Coast dá OpenStreetMap sílẹ̀ ní Bìrìtìkó, nítorí pé ó rí i pé a kò lè rí ìwífún máàpù lò láìsan owó tàbí láìtọrọ àyè. Ẹnikẹ́ni lè ya ọ̀nà, odò, ilé-ìwé tàbí ọjà sí i, ẹnikẹ́ni sì lè kó ohun tó wà níbẹ̀ lò lọ́fẹ̀ẹ́ bí ó bá ti sọ ibi tí ó ti mú un. Lórí rẹ̀ ni wọ́n gbé áàpù bíi OsmAnd àti Organic Maps kalẹ̀; èyí ẹ̀yìn jáde ní 2021 láti ọwọ́ àwọn kan tí inú wọn kò dùn sí ohun tí áàpù Maps.me ti dà lẹ́yìn tí wọ́n tà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ra wọn pọ̀ nìyí. Ìlà pupa tí Google máa ń fà sórí òpópónà márosẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá kún láti Kara dé Ibafo kò wá láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òṣìṣẹ́ kan tó jókòó síbẹ̀ tó ń kà á. Fóònù àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì náà ni. Bí fóònù tó pọ̀ bá wà lójú ọ̀nà kan, tí gbogbo wọn ń rìn bí ìgbín, kọ̀ǹpútà á gbà pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà níbẹ̀. Ní 2020, oníṣẹ́-ọnà ará Jámánì kan, Simon Weckert, fi èyí hàn kedere nígbà tí ó kó fóònù 99 sínú kẹ̀kẹ́ àfọwọ́fà kan, tí ó sì ń fà á lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní àwọn òpópónà Berlin tí ọkọ̀ kò sí. Máàpù Google sọ àwọn òpópónà náà di pupa bí ẹni pé ọkọ̀ ti há síbẹ̀. Waze, tí Google rà ní 2013, tilẹ̀ tún fi ẹnu aráàlú kún un: awakọ̀ fúnra rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ pé jàǹbá wà níwájú tàbí pé ọlọ́pàá dúró níbì kan.

Ohun tó tẹ̀lé èyí ni pé ibi tí fóònù bá pọ̀ sí ni máàpù ti ń gbọ́n. Lójú òpópónà márosẹ̀, pàápàá ní ọjọ́ Ẹtì tí ìjọ Rìdíìmù bá ní ìsìn ńlá, kò sí áàpù tó lè bá Google du ìròyìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá yà kúrò lójú ọ̀dà, tó gba àárín Pakuro tàbí ẹ̀yìn ọjà Ifo, fóònù dín kù, dátà àwọn tó wà níbẹ̀ sì lè ti tán, nítorí náà ni máàpù á fi bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Àwòrán sátẹ́láìtì kò lè kún àlàfo náà tán. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran: sátẹ́láìtì rí ìlà erùpẹ̀ láàárín ilé méjì, kò mọ̀ pé géètì wà níbẹ̀ tí àwọn onílé máa ń tì ní agogo mẹ́wàá alẹ́, kò mọ̀ pé kòtò ti gbé ibẹ̀ lọ láti ọdún tó kọjá, kò sì mọ orúkọ tí àwọn ará àdúgbò ń pe ọ̀nà náà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí wúwo ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ẹni tó bá kọ “Owode” sínú áàpù nígbà tí ó ń lọ sí olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí pé Owódé Yewa wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà, Owódé Onírin sì wà ní Èkó. Láàárín ẹ̀sítéètì tuntun, orúkọ bíi Ifẹ́olúwa, Unity àti Peace máa ń wà ní òpópónà ju ẹyọ kan lọ, nítorí pé àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló sọ tirẹ̀ láìbi èkejì. Áàpù tí kò bá rí nọ́ńbà ilé á mú ọ̀kan nínú wọn, á sì fi ìdánilójú mú oníbàárà tàbí ọkọ̀ aláìsàn lọ síbẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìmúdójúìwọ̀n, ìyẹn títún máàpù ṣe bí ilẹ̀ bá yí padà. Láti 2013 tí àtúnṣe òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí ọkọ̀ ti lè ṣẹ́rí padà ti ń yí, tí wọ́n ń fi kọnkéré dí àárín ọ̀nà, tí ẹni tó kọjá Mowe láìmọ̀ sì lè rìn jìnnà kí ó tó rí ibi tí yóò ti padà. Àṣìṣe irú èyí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, afárá kan wó ní 2013, ọkùnrin kan sì já síbẹ̀ tó kú ní 2022. Ẹbí rẹ̀ pe Google lẹ́jọ́ ní 2023, wọ́n ní máàpù ló júwe ọ̀nà náà fún un, àti pé aráàlú ti kọ̀wé sọ fún ilé-iṣẹ́ náà ṣáájú pé afárá ti wó. Níbi tí ẹnì kan ṣoṣo bá ti ní kọ́kọ́rọ́ máàpù, aráàlú kò lè ṣe ju kí ó kọ̀wé kí ó sì dúró.

Ní ti ohun tí áàpù kọ̀ọ̀kan lè ṣe, ọ̀rọ̀ kò gùn. Google ló ní ohun púpọ̀ jù: nọ́ńbà fóònù àwọn ṣọ́ọ̀bù, àkókò tí wọ́n ń ṣí, ohùn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Nàìjíríà, àti kóòdù tí wọ́n ń pè ní Plus Code, tó ń fi lẹ́tà àti nọ́ńbà díẹ̀ dárúkọ igun ilẹ̀ tó tó nǹkan bíi mítà 14 ní ìbú àti òró, tó sì jẹ́ pé ilé tí kò ní nọ́ńbà lè fi ṣe àdírẹ́sì lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 2015 ni ènìyàn ti lè gba apá kan máàpù rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù kí ó sì máa júwe ọ̀nà láìlo dátà, àmọ́ máàpù tí a gbà sílẹ̀ náà máa ń fẹ́ ìmúdójúìwọ̀n látìgbàdégbà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kì í sì í hàn nínú rẹ̀. Organic Maps kò ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ rárá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba máàpù Nàìjíríà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè wá ọ̀nà láti Ifo dé Ṣàgámù láìní dátà kankan, ohun tó ṣe pàtàkì fún ọlọ́kadà tí dátà rẹ̀ lè tán lójú ọ̀nà.

Ìdí tí Organic Maps kò fi mọ̀ pé ọkọ̀ há ní Long Bridge lójú òpópónà márosẹ̀ ni pé kò bi ẹnikẹ́ni ní ibi tí ó wà. Kò béèrè àkáǹtì, kò polówó ọjà, kò sì tọpa ẹni tó ń lò ó. Àìmọ̀ yẹn ni owó tí ènìyàn ń san fún àṣírí rẹ̀. Apple gba ọ̀nà àárín: ó ní òun kì í so ìrìn tí ẹnì kan wá nínú máàpù mọ́ àkáǹtì rẹ̀, àti pé nọ́ńbà àìlórúkọ tó máa ń yí padà ni òun fi ń gba àwọn ìbéèrè náà. Ní ti Google, ìtàn rẹ̀ nílò àlàyé.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ ìròyìn Associated Press fi hàn pé bí ènìyàn bá tilẹ̀ pa bọ́tìnì tó ń ṣàkọsílẹ̀ ibi tó ń lọ, àwọn ètò Google mìíràn ṣì ń pa ibi tó wà mọ́, nítorí pé bọ́tìnì kejì, tí wọ́n ń pè ní Web & App Activity, ṣì wà ní ṣíṣí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Google gbà láti san mílíọ̀nù 391.5 owó dọ́là fún ìpínlẹ̀ 40 ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìparí 2023, ó kéde pé àkọsílẹ̀ ìrìn, tí wọ́n ń pè ní Timeline, yóò máa wà lórí fóònù oníbàárà fúnra rẹ̀, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà mọ́. Ìgbésẹ̀ tó dára ni, ṣùgbọ́n ó gba ìwádìí akọ̀ròyìn àti ẹjọ́ kí ó tó dé ibẹ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ bọ́tìnì kejì di ohun tí ènìyàn lè gbàgbé.

Kí ni ìdí tí èyí fi kan ẹni tó ń gbé Ibafo? Ibi tí fóònù máa ń wà ní agogo méjì òru ni ilé ẹni tó ni ín. Ibi tó ń wà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú tàbí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ń sọ ẹ̀sìn rẹ̀. Ilé ìwòsàn tó ń yà sí lóṣooṣù lè sọ àìsàn rẹ̀. Agogo márùn-ún òwúrọ̀ tó ń kúrò ní Mowe lọ sí Èkó sì ń sọ ìgbà tí ilé rẹ̀ ṣófo. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ka ibi tí ènìyàn wà mọ́ ohun tí a fi lè dá a mọ̀, ó sì fún un ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ kan mọ̀ nípa rẹ̀, láti ní kí wọ́n pa á rẹ́, àti láti gba àṣẹ tó ti fún wọn padà.

Síbẹ̀, ewu tó sún mọ́ ilé jù kì í ti ọ̀dọ̀ Google wá. Láti ọwọ́ ènìyàn ni. Gbólóhùn tó wà lẹ́nu gbogbo oníṣòwò lónìí ni “fi location rẹ ránṣẹ́,” orí WhatsApp sì ni wọ́n máa ń fi í ránṣẹ́ sí. Oríṣi méjì ni èyí, ọ̀pọ̀ kò sì mọ ìyàtọ̀ wọn. Èyí tó ń tẹ̀lé ènìyàn kiri máa ń parí fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, wákàtí kan tàbí wákàtí mẹ́jọ, bí ẹni tó fi ránṣẹ́ bá ṣe yàn án. Èyí tó ń tọ́ka sí ojú kan kì í parí. Ẹni tó bá fi ojú ọ̀nà ilé rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọlọ́kadà tó ń gbé ọjà wá, tí a ń pè ní dispatch, ti fi í sínú fóònù ẹni náà títí ẹnì kan yóò fi pa á rẹ́. Lójú ọ̀nà tí àwọn ajínigbé ti yọ àwọn èrò lẹ́nu púpọ̀, ó sàn kí ènìyàn tọ́ka sí oríta, ilé oògùn tàbí ibùdókọ̀ tó sún mọ́ ilé rẹ̀, kí ó sì jáde lọ pàdé ẹni náà níbẹ̀.

Ìdájọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kò fi áàpù kan ṣoṣo joyè. Ẹni tó ń gba òpópónà márosẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́ kò lè ṣe láìsí Google, ó kàn yẹ kí ó wọ inú ètò àkáǹtì rẹ̀ kí ó pa bọ́tìnì méjèèjì, kí ó sì fún áàpù náà láyè láti mọ ibi tí ó wà ní ìgbà tí ó bá ń lò ó nìkan. Ẹni tó ń rìn láàárín àdúgbò, tàbí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígbé ọjà láti ilé dé ilé, máa rí Organic Maps tàbí OsmAnd lò láìná dátà, bí ọ̀nà àdúgbò rẹ̀ bá ti wà nínú OpenStreetMap. “Bí” yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ọ̀dọ́ kan tó ní fóònù lásán lè rin àdúgbò Loburo já ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kí ó kọ orúkọ òpópónà, ibi tí géètì wà, ilé-ìwé, ilé ìwòsàn àti kànga, kí ó sì yà wọ́n sórí máàpù náà. Kò gbọdọ̀ kọ orúkọ onílé tàbí nọ́ńbà fóònù ẹnikẹ́ni sí i. Ohun tó bá yà, gbogbo áàpù tó ń lo OpenStreetMap ló máa rí i lò, ilé-iṣẹ́ kankan kò sì lè tì í pa mọ́ ọn lójú.

Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CDA, ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, nítorí pé àwọn ló mọ òpópónà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé àti ti Ifo fi í sílẹ̀ fún wọn. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, sọ ọ́ kedere pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni láti sọ ọ̀nà àti òpópónà lórúkọ, kí wọ́n sì fún ilé ní nọ́ńbà. Kí wọ́n ṣe é, kí wọ́n sì tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní gbangba níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á, kí wọ́n má sì tì í mọ́ inú fáìlì.